Louis Bachelier: Ọmọ Oníṣòwò tí ó Fi Ìṣirò Wọn Ọjà

Ìtàn tí mo mú wá fún àjọ̀dún wa jẹ́ ti ọkùnrin kan tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò fún ní ipò tí ó ga jù lọ, tí a sì ṣì dá lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n tí ọjà ìpín ìdókòwò gbogbo ayé ń jẹ nínú làálàá rẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1870 ni a bí Louis Bachelier ní Le Havre, ìlú èbúté ní ilẹ̀ Faransé. Oníṣòwò wáìnì ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1889, bàbá àti ìyá rẹ̀ kú tẹ̀lé ara wọn, ó sì ní láti fi ìwé sílẹ̀ kí ó lè bójú tó òwò ìdílé. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe iṣẹ́ ológun, kí ó tó dé Paris ní ọdún 1892 láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1900, ó gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú Henri Poincaré, àgbà onímọ̀ ìṣirò. Ohun tí ó wá ni iye tí ó tọ́ kí a san fún ẹ̀tọ́ láti ra nǹkan lọ́jọ́ iwájú ní iye tí a ti fẹnu kò sí. Ká ní a fún elépo kan ní Lafẹ́nwá ní owó díẹ̀ pé kí ó má yẹ iye kẹ́ẹ̀gì kan títí oṣù yóò fi parí. Bí epo bá wọ́n, a jèrè. Bí ó bá pọ̀, owó díẹ̀ yẹn nìkan ni a pàdánù. Irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́ránǹtì tí ilé-iṣẹ́ ń tà lórí ìpín ìdókòwò rẹ̀.

Bachelier gbà pé bí iye ọjà ṣe lè gòkè náà ni ó ṣe lè sọ̀kalẹ̀, àti pé bí ọjọ́ bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì péré ni ìyípadà rẹ̀ ń fẹ̀ dé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni Einstein tó lo irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún ìrìn àwọn ohun wẹ́wẹ́ nínú omi. Síbẹ̀, ọjà jìnnà sí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kà sí, wọn kò sì fún un ní iyì tí ó ga jù.

Ó pẹ́ kí ó tó rí ipò tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó jagun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì kọ́ni káàkiri ní Besançon, Dijon àti Rennes. Ní ọdún 1926 ó béèrè fún ipò ní Dijon. Wọ́n fi apá kan nínú ìwé rẹ̀ han Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Lévy, ẹni tí ó jẹ́rìí pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Ipò náà bọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Lévy rí orúkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ Kolmogorov ará Rọ́ṣíà. Ó padà lọ ka ìwé náà, ó rí i pé òun ni ó ṣì í kà, ó sì tọrọ àforíjì. Àwọn méjèèjì parí ìjà. Besançon ni Bachelier ti fẹ̀yìntì ní ọdún 1937. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1946.

Ní àárín àwọn ọdún 1950 ni Paul Samuelson ará Amẹ́ríkà rí iṣẹ́ rẹ̀. Àbùkù kan wà nínú rẹ̀: ó fàyè gba kí iye ìpín kéré ju òdo lọ. Nítorí náà ni Samuelson ṣe fi ìdá ọgọ́rùn-ún wọn ìyípadà nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí wọ́ránǹtì ní ọdún 1965. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lò ó ní láti kọ́kọ́ méfò èrè tí ìpín náà yóò mú wá. Ní ọdún 1973, Black, Scholes àti Merton mú ìméfò yẹn kúrò: iye ìpín lónìí, iye àdéhùn, àkókò tí ó kù, èlé owó àti bí iye náà ṣe ń mì tó ti tó. Fún àkókò kúkúrú, ìdáhùn Bachelier kì í jìnnà sí tiwọn. Bí ọdún bá gùn ni wọ́n ń pínyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iye epo rọ̀bì Amẹ́ríkà já wálẹ̀ kọjá òdo ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọ̀nà Bachelier ni ọjà ńlá Chicago padà sí. Ohun tí a pè ní àbùkù ni ó wá wúlò.

Ẹ̀yin òbí, bí èsì ìdánwò ọmọ kan kò bá dán, ẹ má tètè dájọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin aṣáájú, ẹ ka ìwé dé òpin kí ẹ tó jẹ́rìí lòdì sí ẹnikẹ́ni; bí ẹ bá sì ti ṣì í jẹ́, ẹ má tijú àtitọrọ àforíjì bí Lévy ti ṣe.