Edsger Dijkstra, Ẹni Tí Ó Ṣírò Ọ̀nà Tí Ó Kúrú Jù Lọ

Bí a bá fi fóònù wa ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oríta púpọ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà kọjá kí ó tó débi tí à ń rán an lọ. Ẹ̀rọ ráútà ní ń yan ọ̀nà ní oríta kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń yàn án, ọpọlọ olóògbé Edsger Dijkstra, ọmọ orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ni ó ti jáde.

Ìlú Rotterdam ni a bí i sí, ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ọdún 1930. Ó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Leiden, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ayé kò tíì ka èyí sí iṣẹ́ nígbà náà. Nígbà tí ó gbéyàwó ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ̀ láti kọ ọ́ sínú ìwé ìgbéyàwó pé ẹni tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ni. Onímọ̀ físíìsì ni wọ́n kọ.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jókòó sí ilé kọfí kan ní Amsterdam. Láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, láìmú gègé tàbí ìwé, ó ti ronú kan bí a ṣe lè mọ ọ̀nà tí ó kúrú jù láti ìlú kan sí òmíràn. Ìlú 64 ni ó fi dán an wò lórí kọ̀ǹpútà. Ojú ìwé 3 péré ni ó fi ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1959.

Ó gba ẹ̀bùn Turing ní 1972, ó sì kó lọ sí Yunifásítì Texas ní Austin ní 1984. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ìlànà OSPF jáde ní 1989, èyí tí ó gbé ìṣirò rẹ̀ sínú ráútà. Ráútà kọ̀ọ̀kan ní àwòrán gbogbo ọ̀nà lọ́wọ́. Bí wáyà kan bá já, wọn a ta ara wọn lólobó, wọn a sì tún ọ̀nà ṣírò. Kì í ṣe máìlì ni wọ́n ń kà, bí kò ṣe iye tí olùṣètò fi sórí wáyà kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kékeré, bí ó bá ti so ìlú kọ̀ọ̀kan mọ́ àárín gbùngbùn rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ìṣirò kò lè rí ọ̀nà tí a kò là. Ẹni tí ó sì ri wáyà méjèèjì mọ́ kòtò kan náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní, nítorí katakata kan lè já méjèèjì pọ̀.

Dijkstra kú ní Nuenen, ní ilẹ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ọdún 2002. Iṣẹ́ tí ó kọ sílẹ̀ lé ní 1,300, gègé onítàdáwà sì ni ọkùnrin onímọ̀ kọ̀ǹpútà yìí fi kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn.