ELIJAH McCOY: ALÁWỌ̀ DÚDÚ TÍ Ó WÁ Ọ̀NÀ EPO FÚN Ẹ́ŃJÌNNÌ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Láfẹ́nwá tàbí ibòmíràn ní Abẹ́òkúta, ẹ kò ní pẹ́ gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan ti nọ́ọ̀kì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ́ìlì ló fà á: ó ti gbẹ, tàbí ó ti dọ̀tí jù. Kíráńkìṣáàfù tí ń yí lórí bíárìn rẹ̀, àti písítìnì tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú sìlíńdà, irin lórí irin ni wọ́n. Bí ọ́ìlì kò bá sí láàárín wọn, wọn yóò gbóná, wọn yóò ha ara wọn, wọn yóò sì lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lórí ìṣòro yìí.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ẹrú ni bàbá àti ìyá Elijah McCoy ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sá kúrò lóko ẹrú lọ sí Kánádà, níbẹ̀ ni wọ́n sì bí Elijah sí ní ọdún 1844. Lẹ́yìn náà, ìdílé náà padà sí Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀dó sí ìpínlẹ̀ Michigan. Nígbà tí ọmọ náà di ẹni ọdún 15, àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ sí ìlú Edinburgh ní Scotland láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ rò ó wò: àwọn tí wọ́n ti fi ṣe ẹrú rí ló rán ọmọ wọn kọjá òkun lọ kọ́ṣẹ́.

IṢẸ́ TÍ WỌ́N FÚN UN

Ó padà dé pẹ̀lú ìmọ̀ ẹnjiníà, ṣùgbọ́n nítorí àwọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ reluwé Michigan Central fi í sídìí iná ẹ́ńjìnnì, kí ó máa kó èédú sí i, kí ó sì máa fi epo sí àwọn irin rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin ní láti máa dúró lóòrèkóòrè kí wọ́n tó lè bu epo sí i. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà yóò sọ̀kalẹ̀, yóò máa fọwọ́ ro epo sí oríkèé irin kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá dúró, àkókò ṣòfò. Bí kò bá dúró, irin a jóná. McCoy kò torí pé iṣẹ́ náà rẹlẹ̀ kí ó fojú tẹ́ ẹ. Bí ó ti ń ṣe é ló ń ronú sí i.

Ní oṣù keje ọdún 1872, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ó ṣe. Ife epo kan ni, tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ooru omi tó ń ti písítìnì gan-an ni yóò ṣí ojú ihò rẹ̀, epo yóò sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ. Kò sí pé à ń dúró mọ́.

Kò dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ìwé ẹ̀tọ́ tí ó gbà lápapọ̀ tó nǹkan bí 57, púpọ̀ nínú wọn lórí ọ̀rọ̀ epo ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tuntun tí ooru rẹ̀ pọ̀ gan-an dé, tí epo lásán kò tó o mọ́, McCoy, tí ó ti lé ní 70 ọdún, ṣe èyí tí ń po epo mọ́ irú ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù.

ÒPIN RẸ̀

Àìlówó mú kí ó ta ẹ̀tọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn olówó, nítorí náà orúkọ rẹ̀ kò sí lára ọ̀pọ̀ wọn. Ọdún 1920 ló tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1922, òun àti ìyàwó rẹ̀ Mary ní jàǹbá ọkọ̀. Mary kú ní ọdún kejì, ara Elijah náà kò sì le mọ́. Ó kú ní 1929. Ní 2012, ìjọba Amẹ́ríkà fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́fíìsì ìwé ẹ̀tọ́ tí wọ́n ṣí ní ìlú Detroit.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Epo pupa tí àwọn bàbá wa ń kó gba Odò Ògùn lọ sí Èkó wà lára ohun tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe gíríìsì fún àgbá ọkọ̀ ojú irin wọn. Reluwé fúnra rẹ̀ sì gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn ní 1901. Epo wà lọ́wọ́ wa. Bí yóò ṣe dé ibi tí irin ti nílò rẹ̀ ni McCoy wá.

Nínú ọkọ̀ òde òní, pọ́ǹpù ló ń fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tí ń tì í gba ihò tí wọ́n lu sínú kíráńkì lọ sí bíárìn; èyí tó ta jáde níbẹ̀ ló ń bá písítìnì. McCoy kọ́ ló ṣe èyí, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni: ìgbà tí irin ń ṣiṣẹ́ ló nílò epo.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, tí ọ̀gá yín ń rán láti wo gééjì tàbí láti da ọ́ìlì dọ̀tí nù, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ẹ ṣe é dáadáa, kí ẹ sì máa bi ara yín pé kí ló fà á tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdí irú iṣẹ́ yẹn ni McCoy wà nígbà tí ó rí ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò rí.