Archie Cochrane, ẹni tó ní kí a kó gbogbo ẹ̀rí jọ

Ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1909 ni a bí Archibald Leman Cochrane ní ìlú Galashiels, ní ilẹ̀ Scotland. Archie ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ọlọ́rọ̀ ni ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ogun pa baba rẹ̀ ní ọdún 1917, nígbà tí ọmọ náà kò tí ì pé ọdún mẹ́sàn-án. Ó kàwé ní Cambridge, ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Spéìn ní ọdún 1936, ó fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ ran àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́.

Ní ọdún 1941, nínú ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ ogun Jámánì mú un ní erékùṣù Crete. Wọ́n kó o lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Salonica, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Níbẹ̀ ni ó ti di dókítà àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ kò tó, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Cochrane rò pé ohun kan ni kò sí nínú oúnjẹ wọn. Ó mú ọkùnrin 20, ó pín wọn sí yàrá méjì, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ó fún àwọn ti yàrá kìíní ní ìwúkàrà, èyí tí a fi ń mú kí búrẹ́dì wú. Ó fún àwọn ti yàrá kejì ní fítámì C. Lójoojúmọ́ ni ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ara àwọn tó ń jẹ ìwúkàrà fi ń yá, ṣùgbọ́n àwọn yòókù wà bí wọ́n ṣe wà. Ó gbé òǹkà rẹ̀ lọ bá àwọn ará Jámánì, wọ́n sì fún àgọ́ náà ní ìwúkàrà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Jámánì, ó sì ń tọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀nà ìtọ́jú wà lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó fi èyí tó ń woni sàn hàn yàtọ̀ sí èyí tó ń pani. Ẹ̀rù ń bà á pé bóyá òun ti fi ìtọ́jú òun gé ẹ̀mí àwọn ọ̀rẹ́ òun kúrú. Ó rántí ìbẹ̀rù yìí títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Wales láàárín àwọn awakùsà èédú, tí eruku èédú ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá àwọn ènìyàn àfonífojì Rhondda Fach kiri, kí wọ́n lè ya fọ́tò inú àyà gbogbo wọn. Ó mọ̀ pé bí a bá ka àwọn tó lè rìn wá nìkan, tí a sì gbàgbé àwọn tí àìsàn dè mọ́lé, òǹkà náà yóò parọ́.

Ní ọdún 1972, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde. Ó ní kí a má ṣe gba ìtọ́jú kankan gbọ́ nítorí pé àgbà dókítà fọwọ́ sí i. Kí a fi gègé pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì, kí àwọn kan gbà á, kí àwọn kan má gbà á, kí a sì kà wọ́n. Ní ọdún 1979, ó tún bá àwọn dókítà wí pé wọn kò tí ì kó gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní àwọn dókítà agbẹ̀bí ló gbẹ́yìn nínú wíwá ẹ̀rí.

Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbọ́ ìròyìn ìwádìí kan ṣoṣo tó sì dájọ́ oògùn. Bí àgbẹ̀ kan ní Koko bá sọ pé irú iṣu tuntun kan ta dáadáa, tí èkejì ní Bantè sọ pé kò ta, tí ẹ̀kẹta ní Savalou sọ pé ó ta díẹ̀, ta ni kí a gbà gbọ́? Ìbéèrè kan náà ni a ó bi gbogbo wọn. Ebè mélòó ni wọ́n kọ? Mélòó ló ta dáadáa? Irú iṣu àtijọ́ tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Irú ilẹ̀ wo ni? A ó kọ àwọn ìdáhùn sínú ìwé kan, kí a lè fi wọ́n wéra.

Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe sí ìwádìí oògùn. Ènìyàn méjì máa ń ka ìròyìn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn a sì yọ òǹkà inú rẹ̀ jáde: mélòó ló gba oògùn, mélòó nínú wọn ló kú, mélòó ni kò gbà á, mélòó nínú wọn ló kú. Wọn a fi ìwé wọn wéra. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, wọn a padà sí ìròyìn náà, nítorí òǹkà kan tí a ṣì kọ lè sọ oògùn burúkú di rere. Lẹ́yìn náà ni a ń ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ìwádìí tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀ lè tẹ̀wọ̀n ju èyí tí èrò kò pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí àìṣe bẹ́ẹ̀ fà. Ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé kì í lè mí dáadáa, nítorí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tí ì gbó. Ní ọdún 1972, ìwádìí kan láti New Zealand fi hàn pé oògùn kan, tí àwọn dókítà ń pè ní corticoïde, lè ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bí a bá fún ìyá rẹ̀ kí ó tó bímọ. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìwádìí ti di méje. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lágbára tó láti dájọ́ lóun nìkan, ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn pọ̀, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere: oògùn náà ń gba ọmọ là. Títí di ọdún 1989, ẹnikẹ́ni kò tẹ àkójọ wọn jáde. Ọ̀pọ̀ dókítà kò mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ ẹgbẹẹgbàárùn-ún ti kú láìnídìí.

Cochrane kú ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1988. Ọdún kan ṣáájú, ó ti yin àwọn tó ń kó ìwádìí nípa oyún àti ìbímọ jọ. Ní ọdún 1992, a ṣí ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àgbáyé sì ti ibẹ̀ dìde ní ọdún 1993. Àwòrán ìwádìí méje náà ni àmì ẹgbẹ́ náà.

Iṣẹ́ náà kò dúró. Ní ọdún 2015, ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà fi hàn pé oògùn yìí lè ṣe ìpalára; ọ̀pọ̀ aboyún tó gbà á ni ọmọ wọn kì í ṣe ọmọ kékeré. Ní ọdún 2020, ìwádìí mìíràn jáde láti orílẹ̀-èdè márùn-ún. Nàìjíríà wà lára wọn, àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ sì kópa nínú rẹ̀. Aboyún 2852 ni wọ́n tọ́jú ní ilé ìwòsàn. Nínú ọmọ 100 tí ìyá wọn gba oògùn, bí 20 ló kú láàárín oṣù àkọ́kọ́. Nínú 100 tí ìyá wọn kò gbà á, bí 23 tàbí 24 ni. Nítorí náà, òǹkà nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ yọ ibi tí a ti ṣe ìwádìí àti irú ẹni tó gba oògùn jáde pẹ̀lú.

Bí ìrọbí bá mú aboyún kan ní Koko lónìí kí oṣù rẹ̀ tó pé, kí àwọn ará ilé rẹ̀ má ṣe jáfara; kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ni yóò mọ̀ bóyá oògùn náà yẹ ẹ́. Ohun tí dókítà yóò gbára lé ni òǹkà tí àwọn ẹlòmíràn fara balẹ̀ yọ, tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ láìparọ́.