Elizabeth Cotten: Ọmọ-ọ̀dọ̀ tó fi ọwọ́ òsì kọ́ gìtá, tó di olókìkí lọ́jọ́ alẹ́

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ tó bá na ọwọ́ òsì sí àgbà láti gba nǹkan, ìbáwí ló máa kọ́kọ́ gbà. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì yìí gan-an ló fi kọ́ gìtá, láìsí olùkọ́ kankan. Ọwọ́ òsì náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí ayé ń wárí fún kó tó kú ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1987, lẹ́ni ọdún 94.

Elizabeth Cotten ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó ya ìtàn rẹ̀ sọ́tọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ́ gìtá láyé. Ó kọ́ ọ ní kékeré, ó pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ìgbà tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé onílé, ló tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ń dọ́gbọ́n mú bánjò ẹ̀gbọ́n rẹ̀

Ọjọ́ 5, oṣù kìíní, ọdún 1893 ni wọ́n bí i nítòsí ìlú Chapel Hill, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Carrboro ni wọ́n ń pe àdúgbò náà lónìí. Bàbá rẹ̀, George Nevills, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, ìyá rẹ̀, Louisa, sì ń gbẹ̀bí. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, Elizabeth sì ni àbígbẹ̀yìn. Ojú irin kọjá nítòsí ilé wọn, ariwo ọkọ̀ ojú irin ló sì ń gbọ́ tọ̀sán tòru.

Láti kékeré ló ti ń fi hàn pé òun mọ ohun tí òun fẹ́. Orúkọ ìnagijẹ tó túmọ̀ sí àbúrò kékeré obìnrin ni wọ́n ń pè é nílé. Nígbà tó dé ilé ìwé tí olùkọ́ béèrè orúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Elizabeth, orúkọ náà ló sì jẹ́ dé ọjọ́ ikú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan ní bánjò. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbọ́ orin jùjú àtijọ́ yóò rántí ohun èlò yìí. Àwọn ará ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí kò fi bánjò náà lé ọmọdé lọ́wọ́. Bó bá ti lọ síbi iṣẹ́ báyìí, Elizabeth á yọ́ wọlé, á mú un, á sì máa ta á. Nígbà mìíràn okùn á já mọ́ ọn lọ́wọ́, á sì yára dá a padà síbi tó ti mú un.

Ìṣòro kan wà. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe bánjò àti gìtá fún. Ọwọ́ òsì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń tẹ okùn lọ́rùn gìtá, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ń ta á. Ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ òsì máa ń tú okùn náà, wọ́n á sì tún un tò kó lè bá ọwọ́ wọn mu. Elizabeth kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn dojú ohun èlò náà délẹ̀ ni, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì ta. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kò dára bẹ́ẹ̀.

Gìtá $3.75

Kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n yìí kúrò nílé, ó sì gbé ohun èlò rẹ̀ lọ. Ọwọ́ Elizabeth wá ṣófo. Ọmọdébìnrin náà fi ilé ìwé sílẹ̀, ó sì ń lọ láti ilé kan sí òmíràn láti wá iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀. Ó ń gbálẹ̀, ó ń se oúnjẹ, ó ń tọ́jú ọmọ, owó rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí dọ́là kan lọ lóṣù. Ìyá rẹ̀ ló ń bá a tọ́jú owó náà. Nígbà tó pé, wọ́n lọ ra gìtá kan ní $3.75. Ọmọ bí ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara ilé kò ti rí oorun sùn mọ́. Ọmọ náà á máa ta gìtá títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá, ìyá rẹ̀ á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e sílẹ̀ kí àwọn lè sinmi. Okùn kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ó kan èkejì, ó tún dán òmíràn wò, títí ìró náà fi jọ orin tó ti gbọ́ níta. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Okùn mẹ́fà ló wà lára gìtá. Àwọn tó nípọn ń dún wúwo, àwọn tín-ín-rín sì ń dún fẹ́ẹ́rẹ́. Àtàńpàkò ni àwọn tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún fi ń ta àwọn okùn tó nípọn bí ìlù abẹ́nú, ìka yòókù ni wọ́n sì fi ń ta ohùn orin gan-an lórí àwọn tín-ín-rín. Nítorí pé Elizabeth dojú gìtá tirẹ̀ délẹ̀, gbogbo rẹ̀ yí padà. Àwọn tín-ín-rín bọ́ sókè, àwọn tó nípọn sì wà nísàlẹ̀. Ìka rẹ̀ ló wá ń ta ìró wúwo, àtàńpàkò rẹ̀ ló sì ń mú ohùn orin jáde. Ohun tí olùkọ́ ìbá pè ní àṣìṣe ló di ọgbọ́n ìtagìtá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè lẹ́yìn náà.

Nígbà tó jẹ́ ọmọ bí ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá ló fi gìtá yìí ṣe orin kan lórí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Orin náà ni wọ́n ń pè ní Freight Train.

Wọ́n ní kó fi orin ayé sílẹ̀

Nígbà tó ń dàgbà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sọ fún un pé orin ayé kò bá iṣẹ́ Olúwa mu. Ó ń ta gìtá náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1910, lẹ́ni ọdún 17, ó fẹ́ Frank Cotten, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan tí wọ́n sọ ní Lillie. Iṣẹ́ ilé, ọmọ títọ́ àti ìjọsìn ló kù. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan gìtá.

Nígbà tó yá, òun àti ọkọ rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, ó sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn 1940 sí 1949, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Lansburgh's. Níbẹ̀ ló ti rí ọmọdébìnrin kan tó sọnù. Ó fà á lọ́wọ́, ó sì wá ìyá rẹ̀ rí. Peggy Seeger ni ọmọ náà, ìyá rẹ̀ sì ni Ruth Crawford Seeger, obìnrin tó mọ orin kọ sílẹ̀ dáadáa. Inú ìyá ọmọ dùn, ó sì ní kí Elizabeth wá máa bá òun ṣiṣẹ́ nílé.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé oore kékeré yìí ló máa ṣílẹ̀kùn. Ilé orin ni ilé àwọn Seeger. Bàbá, ìyá àti ọmọ ló ń ṣiṣẹ́ lórí orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, gìtá kan sì wà tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Bí Elizabeth bá ti ríi pé kò sẹ́nì kankan nítòsí, á mú un, á sì máa wá àwọn orin ìgbà èwe rẹ̀ kiri lára okùn. Ìka tó ti gbàgbé tún bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Bó ṣe fi bánjò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló tún ṣe lágbà. Ọjọ́ kan ni Peggy ká a mọ́ ọn, ẹnu sì ya gbogbo ilé. Àwọn ọmọ náà kò ka dídojú gìtá délẹ̀ sí àbùkù, ṣe ni wọ́n ní kó máa ta á fún àwọn.

Orin rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn

Láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1959, Peggy lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń kọ orin Freight Train níbẹ̀. Ní ọdún 1957, Chas McDevitt àti Nancy Whiskey gbé e jáde, ó sì tà wàràwàrà. Àwọn ọkùnrin méjì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ ara wọn sílẹ̀ pé àwọn ló ṣe orin náà. Obìnrin tó ṣe é ní kékeré ṣì ń fọ abọ́ nílé onílé ní Washington, wọn kò sì dárúkọ rẹ̀. Àwọn Seeger ló dìde fún un, ọ̀rọ̀ náà sì di ti amòfin. Wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí ìnùbí, orúkọ rẹ̀ wọ ara orin náà, òun náà sì ń gba ìpín nínú owó rẹ̀.

Mike Seeger, ẹ̀gbọ́n Peggy, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sílé Elizabeth, ó sì gba orin rẹ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Folkways gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1958. Ẹni ọdún 65 ni. Ní ọdún 1960 ló kọ́kọ́ bá Mike kọrin níwájú èrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Swarthmore. Síbẹ̀, kò fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀ lójijì, ó ṣì ń ṣe é fún ọdún bíi mélòó kan kí owó orin tó tó o jẹ.

Kò sí ìgbà tí a dá aṣọ tí a kò rí ìgbà fi wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1978 ó kó lọ sí ìlú Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York. Ní ọdún 1984, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún un ní National Heritage Fellowship, ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń bọlá fún àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀. Ní ọdún 1985, lẹ́ni ọdún 92, ó gba ẹ̀bùn Grammy. Ní ọdún 2022, ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí Rock and Roll Hall of Fame.

Lónìí, ní Carrboro, ọ̀nà kan wà fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó kọrin nípa rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ̀nà náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń fi ìka ta gìtá, Freight Train wà lára àwọn orin tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ ọ. Ẹni tí kò ní olùkọ́ ti wá di olùkọ́ fún ọ̀kẹ́ àìmọye.

Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ yín bá ń fi ọwọ́ òsì ṣe nǹkan, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń fi í ṣe kí ẹ tó gbé pàṣán. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ sì rò pé ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ ti kọjá lórí yín, ẹ rántí ìyá àgbà tó mú gìtá lára ògiri ilé ọ̀gá rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi júwe ilé bàbá rẹ̀ fún aráyé, aráyé sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.