Ibn al-Haytham, Ọ̀mọ̀ràn tí ó Tú Àṣírí Ojú

Ní nǹkan bí ọdún 965 ni a bí Ibn al-Haytham sí ìlú Basra ní ilẹ̀ Ìráàkì. Ohun tí Euclid àti Ptolemy ti fi kọ́ aráyé ṣáájú rẹ̀ ni pé inú ojú ni ìtànṣán ti ń jáde lọ bá ohun tí ènìyàn ń wò.

Àwọn òpìtàn sọ pé ó ṣèlérí fún al-Hakim, ọba Íjíbítì, láti kápá odò Náílì. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó rí i pé agbára òun kò ká a. Ìbẹ̀rù ọba mú kí ó díbọ́n bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n sì sé e mọ́lé títí ìjọba al-Hakim fi dópin ní ọdún 1021.

Nínú ìwé rẹ̀, Kitab al-Manazir, tí ó jẹ́ apá méje, ó ṣàlàyé pé ojú a máa ro ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ oòrùn. Nítorí náà, láti ìta ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ ojú.

Ó ṣìnà níbì kan: ó rò pé inú awò dídán tí ó wà lẹ́yìn ọmọlójú ni ìríran ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1604 ni Kepler, ará Jámánì, fi hàn pé ńṣe ni awò náà ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sórí awọ ẹ̀yìn ẹyinjú, tí àwòrán sì ń dorí kodò níbẹ̀. Síbẹ̀, orí ìpìlẹ̀ Ibn al-Haytham, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1040, ni Kepler kọ́lé lé. Ẹni tí wọ́n kà sí wèrè ni ó la aráyé lójú.