Sørensen Oníṣùwọ̀n Kíkan
Ọmọ àgbẹ̀ ará Dẹ́nímáàkì ni Søren Sørensen, tí a bí ní ọdún 1868. Ní Copenhagen, ní 1909, ó gbé pH kalẹ̀, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan olómi ti kan tó. Bí nǹkan bá ti ń kan sí i ni iye rẹ̀ ń dín. Ti ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le kì í kúrò láàárín 7.35 àti 7.45. Ó kú ní 1939.

Ní 1952, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn ìlú náà lè mí. Àwọn oníṣègùn rò pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò kan tó. Òṣùwọ̀n Sørensen fi hàn pé ó kan jù, nítorí afẹ́fẹ́ búburú há sínú wọn. Wọ́n wá ń fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ sí wọn lọ́fun, ọ̀pọ̀ sì yè. Ikú pa ọlọ́gbọ́n, kò pa ọgbọ́n rẹ̀.