Ìtàn Ìgbésí Ayé Ernest Rutherford, Ẹni tí Ó Rí Kókó Inú Átọ́ọ̀mù

Nítòsí ìlú Nelson ní orílẹ̀-èdè New Zealand ni a ti bí Ernest Rutherford ní ọdún 1871. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ ni ìyá rẹ̀. Òun sì ni ìkẹrin nínú ọmọ méjìlá. Ní ọdún 1895, ẹlòmíràn ni a kọ́kọ́ yàn fún ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ tí ìbá gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tí onítọ̀hún kò gbà á ni ó tó kan Rutherford. Báyìí ni ó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ J. J. Thomson ní Cambridge. Ó ṣiṣẹ́ ní Montreal láti ọdún 1898, ó dé Manchester ní 1907, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908.

Iṣẹ́ tí ó ju ẹ̀bùn náà lọ lójú tèmi ṣì wà níwájú. Èrò Thomson ni pé átọ́ọ̀mù rí bí ọ̀lẹ̀ tí a fi edé sí: àwọn electron ni edé tí ó há sínú rẹ̀ káàkiri. Ní ọdún 1909, Rutherford ní kí Ernest Marsden, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè, máa ta èérún alpha lu wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó wò ó bóyá èyíkéyìí yóò ta padà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò retí pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀! Ọ̀pọ̀ jù lọ là á kọjá, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ta padà sẹ́yìn bí ẹni pé wọ́n kọlu àpáta. Ó tó ọdún 1911 kí Rutherford tó rí ìdí rẹ̀: kókó kan wà láàárín átọ́ọ̀mù, ìbú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 10,000 ìbú átọ́ọ̀mù, òun ni ó sì gbé ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ní ọdún 1919, ó kéde pé èérún alpha tí ó kọlu kókó nitrogen ń yọ ohun tí a wá ń pè ní proton jáde. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Eileen, kú lẹ́yìn ìbímọ ní òpin ọdún 1930. Inú ọ̀fọ̀ náà ni oyè Lọ́ọ̀dù bá a. Ó kú ní ọdún 1937, láìgbà pé agbára tí ènìyàn lè lò yóò ti inú átọ́ọ̀mù jáde. Níbẹ̀, ó ṣìnà.

Ọ̀nà ìkọlù tí ó là kò parun. Láti ọdún 2000, ní Brookhaven ní Amẹ́ríkà, kókó wúrà lu kókó wúrà pẹ̀lú eré tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ mu, títí proton àti neutron fi yọ́ di quark àti gluon, nínú ooru tí ó ju ti àárín oòrùn lọ ní ìlọ́po 100,000 ó lé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ retí pé yóò rí bí gáàsì. Ní ọdún 2005, wọ́n kéde pé ó ń ṣàn bí omi.